Òfin Tí Àwọn Obìnrin Mòrókò Kọ̀

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó yẹ kí a mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Mòrókò, abala 475 wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn wọn ti ọdún 1962. Ẹni tó bá tan ọmọdébìnrin lọ, ẹ̀wọ̀n ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ ọmọ náà, ó lè bọ́. Àwọn tó ń fipá bá ọmọdé lò pọ̀ a máa sá sábẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ọmọ ọdún 16 kan ní agbègbè Larache, tí wọ́n fi fún ọkùnrin tí wọ́n ní ó fipá bá a lò, gbé májèlé èkúté jẹ. Ó kú. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, tí wọ́n ti ń pariwo òfin náà tipẹ́, lọ jókòó síwájú ilé aṣòfin ní Rabat. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ilé náà yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Tùnísíà, Jọ́dánì àti Lẹ́bánónì yọ tiwọn ní 2017.

Àwọn kan ní ẹ̀sìn ló fi òfin náà lélẹ̀. Rárá o! Èmi tí mò ń kọ́ni ní Kùránì kò rí i níbẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú ìwé òfin Faransé ti 1810. Ànábì (SAW) ní kí a gba ìyọ̀ǹda wúńdíá kí a tó so yìgì rẹ̀.

Ọdún 18 ni òfin ẹbí wọn ti 2004 fi sí ìgbéyàwó, àmọ́ ó fi àyè sílẹ̀ fún adájọ́ láti yọ̀ǹda kí ọmọ tó kéré sí i lọ ilé ọkọ. Àyè yẹn náà ni àwọn obìnrin wọ̀nyí ní kí wọ́n dí.