Fìlà: Ọ̀ṣọ́ Orí, Ìbòòji Ara

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Orí ni ojú sì kọ́kọ́ máa ń bà lé nígbà tí a bá ń wo ènìyàn. Nítorí náà ni àwọn bàbá wa kì í fi í ka ìwọṣọ sí àṣeparí bí kò bá sí fìlà lórí. Ẹni tó gbé agbádá wọ̀ tí kò dé fìlà, bí ẹni tó jẹun yó tí kò mumi ni. Nínú ìwé ìrántí ti ọdún yìí, àwa ìgbìmọ̀ olóòtú fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa àti ẹ̀yin òbí bá wa jókòó díẹ̀, kí a jùmọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ fìlà wò: irú èyí tí a jogún, ibi tí ó yẹ kí a ti dé e àti ibi tí ó yẹ kí a ti ṣí i, àti ìdí tí a fi gbà pé àwọn ọmọ wa nílò rẹ̀ ju bí òfin ilé ẹ̀kọ́ wa ti fàyè gbà lọ.

Irú fìlà tí a jogún

Fìlà tí ó wọ́pọ̀ jù lóde ayẹyẹ ni gọ̀bì. Ó ga díẹ̀, ó sì rí róbótó; bí a bá dé e tán, a ó tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan ní ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún ti láya nílé, pé àpọ́n ló ń tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Àwọn mìíràn sì yí i padà pátápátá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìtẹ̀sí fìlà nìkan mọ ẹni tí ẹ ó fi ọmọ yín fún.

Abetí-ajá ní ti tirẹ̀ ní etí méjì tí ó dà bí etí ajá, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Ọgbọ́n ńlá wà nínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, a ó fa etí méjèèjì wálẹ̀ bo etí ara wa. Bí oòrùn bá mú, a ó ká wọn sókè. Ẹ wò ó pé kì í ṣe ẹwà nìkan ni àwọn baba ńlá wa ń rò nígbà tí wọ́n ń rán fìlà. Wọ́n mọ ìgbà, wọ́n sì mọ ohun tí ara ń fẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kò fo ìwọṣọ àti fìlà àwọn ènìyàn rẹ̀ dá nínú ìwé náà.

Aṣọ òkè ni a sábà fi ń rán àwọn fìlà wọ̀nyí fún ayẹyẹ: sányán tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀, àlàárì tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, àti ẹtù tí a pa láró títí ó fi ṣú. Ìlú Ìlọrin wa yìí wà lára àwọn ìlú tí a ti mọ̀ fún aṣọ híhun tipẹ́tipẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ Ìṣẹ́yìn. Bí ọmọ wa bá dé fìlà aṣọ òkè lọ síbi ìgbéyàwó, oúnjẹ ahunṣọ kan ládùúgbò ni ó gbé lé orí.

Fìlà ní ìlú ẹlẹ́yà púpọ̀

Ní Ìlọrin, níbi tí Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupé àti Bàrùbá ti ń gbé pọ̀, fìlà jẹ́ ìwé tí a lè kà. A ń rí gọ̀bì, a ń rí fìlà Haúsá tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí lára, a sì ń rí láwàní. Nígbà tí Ẹ́míà bá fi ènìyàn joyè, láwàní ni a ń wé fún un, bí a ti ń ja ewé oyè lé àwọn olóyè lórí ní àwọn ìlú Yorùbá mìíràn.

Ẹ yọ owó náírà jáde nínú àpò yín. Lórí ọgọ́rùn-ún náírà ni olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, tí a sì ń pè ní fìlà Awólọ́wọ̀ títí di òní. Lórí igba náírà ni Ahmadu Bello wà pẹ̀lú láwàní rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi bo orí ṣì ń sọ ibi tí wọ́n ti wá.

Dídé àti ṣíṣí

Ẹni tí ó mọ fìlà dé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣí. Bí ọkùnrin bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ọba tàbí fún àgbà, yóò kọ́kọ́ ṣí fìlà. Bí ó bá wọ ilé Ọlọ́run, yóò ṣí i pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nínú orí kọkànlá ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwọn aládùúgbò wa tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí ní tiwọn a máa dé fìlà lọ síbi ìrun. Ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Ìlọrin máa ń tètè mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi hàn: ẹnìkan fi ṣíṣí bọlá, ẹnìkejì fi dídé bọlá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi orí tí ẹnìkejì rẹ̀ bò ṣe yẹ̀yẹ́.

Fìlà lójú ọ̀nà

Fìlà òde ayẹyẹ yàtọ̀ sí fìlà ìrìn-àjò. Gọ̀bì kò ní etí tí yóò ṣíji bo ojú, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò sì gbọdọ̀ pa aṣọ òkè. Akẹtẹ̀ ni ó yẹ fún oko, odò àti òkè, ìyẹn fìlà elétí gbòòrò tí a fi ewé ọ̀pẹ tàbí koríko hun. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ ọ́n, àwọn darandaran Fúlàní náà sì mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń fi awọ ṣe tiwọn lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà ayé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, fìlà líle tí ó fẹ̀ ni àwọn náà ń dé kiri nítorí ìbẹ̀rù oòrùn ilẹ̀ wa.

Ìdí wà tí oòrùn wa fi le. Ìlọrin kò jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán a máa dúró gangan lé wa lórí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, òjìji ènìyàn a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ẹni tó bá fẹ́ ra akẹtẹ̀, kí ó wo nǹkan mẹ́rin. Kí etí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mẹ́rin, bíi sẹ̀ǹtímítà 7.5, yíká gbogbo orí, nítorí fìlà tí iwájú rẹ̀ nìkan yọ gọńgọ kò bo etí àti ọrùn. Kí ó gbé e kọjú sí ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàrin híhun rẹ̀, oòrùn yóò yọ níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó ní okùn tí a lè so sábẹ́ àgbọ̀n, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Kí ó má sì fún orí pinpin. Bí a bá dé ilé, ẹ fi kọ́ sára ògiri, ẹ má ṣe tì í sábẹ́ ẹrù. Ẹni tó bá sì ń gun ọ̀kadà, kí ó má fi fìlà rọ́pò akoto. Akoto ni ó ń gba orí là bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Ohun tí a kọ́ ní Èsìẹ́

Láìpẹ́ yìí, a kó àwọn ọmọ lọ wo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Èsìẹ́, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère tí a fi òkúta rírọ̀ gbẹ́, tí wọ́n lé ní 800, ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún ìjọ C.M.S., ni ó mú kí ayé mọ̀ nípa wọn ní ọdún 1933. Inú àwọn ọmọ dùn láti rí i pé àwọn ará àtijọ́ kò fi orí ṣeré: irun dídì tí ó ní ọnà àti ìbòrí lórísìírísìí ni a gbẹ́ sórí àwọn ère náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa jẹ́ àfín. Òfin wa ni pé kí ọmọkùnrin má dé fìlà pẹ̀lú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà gbọ́ràn, ó fi akẹtẹ̀ rẹ̀ sílé. Kí a tó padà dé Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́, ojú àti ọrùn rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti lé ròrò. Ìyá rẹ̀ wá bá wa. Kò bá wa jà. Ó kàn bẹ̀ wá pé, bí a ti ń fi ìwé lé ọmọ òun lọ́wọ́, kí a máa fi fìlà lé e lórí pẹ̀lú. Ojú tì wá.

Ara àfín kò ní ohun tí ó ń mú kí awọ ṣú, ohun náà gan-an ni ó sì ń gba awọ lọ́wọ́ oòrùn. Ìdí nìyí tí jẹjẹrẹ awọ ara fi ń tètè mú wọn ní ilẹ̀ olóòrùn bí tiwa, tí oòrùn sì ń yọ ojú wọn lẹ́nu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 13 oṣù kẹfà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún kí gbogbo ayé lè rántí wọn. Fìlà elétí gbòòrò, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tí ó ń dènà oòrùn ni ààbò wọn. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, fìlà kì í ṣe fáàrí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Àwọn olùkọ́ ti gbà pé kí ọmọ tí ó jẹ́ àfín máa dé akẹtẹ̀ rẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan ni ó dé e láàrin àwọn ọmọ yòókù, fìlà náà yóò di àmì tí a fi ń nàka sí i, òun fúnra rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́ sínú àpò. Nítorí náà, a ń bẹ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọmọ máa dé akẹtẹ̀ aláwọ̀ kan náà nígbà tí wọ́n bá wà níta: lórí pápá, lóko ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ìrìn-àjò. Nínú kíláàsì àti nínú ilé ìsìn, kí a ṣí i bí a ti ń ṣe. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹ ti kọ́ ilé fún wa, ẹ ti gbẹ́ kànga. Akẹtẹ̀ kò tó nǹkan lójú ẹni tó kọ́ ilé, ṣùgbọ́n yóò jìnnà nínú ayé ọmọ tí ẹ bá dé e fún.

Kí Olúwa tí ó fi ìkùukùu ṣíji bo àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú aginjù máa ṣíji bo gbogbo wa. Orí wa kò ní gbóná o. Àmín.