ADN àti Orírun: Ohun tí Kíka Odindi Jẹ́nóòmù Lè Sọ fún Wa

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àtọmọdọ́mọ wa ní Bràsíìlì, àti lẹ́nu àwọn ìdílé Àgùdà tí àwọn baba wọn padà wá sí Àjàṣẹ́: ṣé àyẹ̀wò ADN lè fi hàn pé Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìran ẹni ti ṣẹ̀?

ADN, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní DNA, ni ogún inú ara tí bàbá àti ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Odindi rẹ̀, ìyẹn jẹ́nóòmù, dà bí ìwé tó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ka ìwé náà tán. Àwọn ibi tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ pé ara àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ ti Áfíríkà nìkan lè bọ́ mọ́ wọn lójú. Kíka odindi jẹ́nóòmù kì í fo ojú ìwé báyẹn.

Bí ìran ṣe ń dàpọ̀

Bí ará Potogí bá bímọ fún obìnrin ilẹ̀ wa, ìdajì ADN ọmọ náà ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Nígbà tí ọmọ náà bá máa bímọ tirẹ̀, apá méjèèjì á gé síra wọn. Bí ìran ṣe ń gorí ìran, ègé tó wá láti ọ̀dọ̀ baba ńlá kọ̀ọ̀kan ń kúrú sí i. Gígùn ègé wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò ìgbà tí ìdàpọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ní 2025, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ DNA do Brasil tẹ àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ka odindi jẹ́nóòmù ènìyàn 2,723, wọ́n sì rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 8 tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà bàbá àwọn ènìyàn náà, Yúróòpù ni púpọ̀ jù lọ ti wá. Ìlà ìyá wọn, Áfíríkà àti àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìtàn oko ẹrú ni èyí: ọkùnrin tó ni agbára, obìnrin tí wọn kò bi léèrè.

Kétu ńkọ́?

Àpẹẹrẹ "Yorùbá" tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn ni wọ́n ti gbà á. Nínú àwùjọ 26 tí iṣẹ́ 1000 Genomes kà, kò sí ti Bẹ̀nẹ̀ tàbí ti Tógò. Nítorí náà, bí èsì bá sọ pé "Yorùbá", ohun tó ń sọ ni pé ègé náà jọ ti àwọn ará Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ó pẹ́ tí àwa àti Gùn, Fọ̀n àti Máhì ti ń fẹ́ ara wa. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ààlà ìlú.

Oríkì, orúkọ ìdílé àti èèwọ̀ ilé ló lè dárúkọ Kétu. Kí ẹ gba ti ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀ nísinsìnyí. Bí olùwádìí bá sì wá gba itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ ní ìlú wa, ẹ kọ́kọ́ bi í: ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, ta ni yóò lò ó, ṣé èsì rẹ̀ yóò sì padà wálé?