Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹ̀yìn ríro tí kò lọ bọ̀rọ̀

Inú mùdùnmúdùn eegun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń pèsè purotéènì oríṣiríṣi láti bá àrùn jà. Nínú jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ myeloma, ẹyọ kan nínú wọn ló bàjẹ́, tó ń bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Purotéènì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, kò sì wúlò. Eegun á máa lu, ẹ̀yìn á sì máa ro, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: bébà tí wọ́n ń rì bọ ìtọ̀ láti fi wá purotéènì lè máà rí ti myeloma yìí rárá. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní electrophoresis ló ń tú u fó. Á yọ ṣóńṣó lórí àwòrán àyẹ̀wò náà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní irú purotéènì yìí ló ní jẹjẹrẹ o. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà, myeloma ń mú aláwọ̀ dúdú tó ìlọ́po méjì aláwọ̀ funfun.

Bí ẹ̀yìn bá ń ro bàbá tàbí ìyá yín, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì tó, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yìí kí ẹ tó tún ra ibuprofen, torí ó lè pa kíndìnrín wọn lára.