Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Tí Wọ́n Ń Ta Ìbọn

Àbúrò mi kan ní Bodija bi mí pé ráífù wo ló wọ́n níwọ̀n, tí òun lè fi máa yìnbọn sí àmì fún ìgbádùn lópin ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń ki ara rẹ̀ lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan ló wù ú, bíi tàwọn ará Amẹ́ríkà orí YouTube. Mo ní, "Kọ́kọ́ dá owó ẹ padà sápò ná."

Òfin ìbọn ọdún 1959 la ṣì ń lò. Ó fi ọdún kan ju òmìnira wa lọ. Kò béèrè bóyá eré lẹ fẹ́ fi ṣe. Ráífù ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ 7.62mm, àti ìbọn ìléwọ́, Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá ní in láìgbàṣẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè dín ní ọdún 10. Ráífù ìdárayá tí ọta rẹ̀ yàtọ̀ sí tológun ni Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fọwọ́ sí. (Ọ̀mùtí kò lè rí i gbà o, òfin ló sọ bẹ́ẹ̀.)

Èyí tó ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ìbọn afẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń pè ní tọ́ì yẹn, náà nílò ìwé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mú. Òun ni wọ́n ń lò ní Òlíḿpíìkì, láti mítà 10, pẹ̀lú ọta 4.5mm. Àmọ́ ẹ béèrè ní Ẹlẹ́yẹlé kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró ní Challenge, rìsíìtì kọ́ ló máa béèrè.