Àtíbàbà Ọkọ̀ Àfiṣelé: Ohun Tó Ba Aṣọ Rẹ̀ Jẹ́ Ni Yóò Sọ Bí A Ó Ṣe Tún Un Ṣe

Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Quartzsite, nínú aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Arizona ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí òtútù oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ bá ń fi ojú àwọn ará ìhà àríwá rí màbo, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni í wa ilé wọn wá síbẹ̀, àní wọ́n wa ilé, nítorí pé inú ọkọ̀ àfiṣelé tí wọ́n ń pè ní RV, èyí tó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ nínú, ni wọ́n ń gbé títí ọ̀gìnnìtìn yóò fi kógbá sílé. Bí ènìyàn bá gba àárín wọn kọjá, àtíbàbà tí a ta sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé, nítorí pé inú ọkọ̀ há, oòrùn aṣálẹ̀ kò sì mọ ojú ẹnì kankan. Abẹ́ àtíbàbà yìí ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n sì ti ń fẹ̀yìn ìrọ̀lẹ́ tàkúrọ̀sọ. Aṣọ rẹ̀ sì wà lára ohun tí í tètè bàjẹ́ jù lára ọkọ̀ náà.

Àṣà fífi ọkọ̀ ṣe ilé yìí kì í ṣe ti òní. Ní ọdún 1931 ni Wally Byam dá Airstream, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ àfiṣelé tí ọkọ̀ mìíràn ń fà, sílẹ̀, òun náà ni ó sì ṣíwájú irú ọkọ̀ àfifà bẹ́ẹ̀ 41 ní ọdún 1959, tí wọ́n gbéra láti Cape Town, tí wọ́n la ilẹ̀ adúláwọ̀ já títí wọ́n fi wọ Cairo. Lónìí, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni a ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní Amẹ́ríkà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe, ó yẹ kí a mọ bí ohun náà ṣe dúró. Etí òkè aṣọ àtíbàbà wọ inú ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a kàn mọ́ ara ọkọ̀, okùn líle tí a rán mọ́ etí náà ni kò sì jẹ́ kí ó yọ. Etí ti ìsàlẹ̀ wé mọ́ páìpù gígùn kan, èyí tí apá irin méjì gbé dúró lọ́tùn-ún àti lósì. Nínú páìpù yìí ni sípíríǹgì wà, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, tí a ti lọ́ títí ó fi le dandan, àwọn ni í sì fa aṣọ padà nígbà tí a bá fẹ́ ká a. Lára àwọn ti ìgbàlódé, ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì ọkọ̀ ń gbé ṣiṣẹ́ ni ó ń wé aṣọ, ọ̀pá tí a rọ gáàsì sínú rẹ̀ ni ó sì ń ti apá irin síta.

Oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àtíbàbà, ìkà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún un kò sì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ìwòsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá rí ihò lára aṣọ, tí ó sáré lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn láìbéèrè ohun tí ó lu ihò náà, yóò tún padà wá lẹ òmíràn láìpẹ́, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Díẹ̀díẹ̀ ni oòrùn ń ṣe tirẹ̀. Oríṣi aṣọ méjì ni ó wọ́pọ̀: vinyl, tí omi kò lè là kọjá, àti acrylic, tí a fi òwú hun, tí afẹ́fẹ́ sì ń rí àárín rẹ̀ gbà. Líle ni vinyl fúnra rẹ̀. Èròjà kan tí wọ́n pò mọ́ ọn nílé iṣẹ́ ni ó mú un rọ̀ tí ó fi ṣeé ká, èròjà yìí a sì máa fi í sílẹ̀ lọ́dọọdún bí ooru ti ń mú un, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí ń já ohun tí ó so ara rẹ̀ pọ̀, títí aṣọ náà yóò fi gan, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi tí ó ti ń ṣẹ́po. Acrylic ní ìfaradà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kí èròjà rẹ̀ tó di òwú rárá ni wọ́n ti pò aró mọ́ ọn, àwọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ dé inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n òwú tí a fi rán an sábà máa ń jẹrà kí aṣọ fúnra rẹ̀ tó jẹrà, ó sì máa ń dùn mí láti gbọ́ pé wọ́n sọ ògidì aṣọ nù nígbà tí ó jẹ́ pé ojú rírán lásán ni ó tú, èyí tí aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára lè fi òwú tuntun rán padà. Láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, kí a na àtíbàbà síta lọ́sàn-án gangan, kí a dúró sí abẹ́ rẹ̀, kí a gbójú sókè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbì kan péré, àbùlẹ̀ tó o; bí ó bá ń yọ káàkiri, aṣọ náà ti gbó, kò sí àtè tí ó lè sọ arúgbó rẹ̀ di ọmọdé.

Ìwúwo ni omi fi ń jà. Bí òjò bá bá àtíbàbà tí a nà gbọnrangandan láìtẹ apá kan rẹ̀ sísàlẹ̀, omi yóò gbárajọ sí àárín, aṣọ yóò rọ̀, rírọ̀ yẹn yóò sì tún fa omi mìíràn wá. Adágún kékeré tó gùn ní mítà 2, tó fẹ̀ ní mítà 1, tí jíjìn rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà lọ, lítà 200 ni omi inú rẹ̀, kílò 200 sì ni, èyí tó jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lórí apá irin tí a ṣe láti gbé aṣọ nìkan. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, aṣọ lè má ya rárá, kí páìpù sì ti tẹ̀.

Ti afẹ́fẹ́ ló burú jù. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí aṣọ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tó sì yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà 8, afẹ́fẹ́ tí ń sáré kìlómítà 32 ní wákàtí kan, bí ó bá kojú rẹ̀ gan-an, lè tì í pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo nǹkan bíi kílò 65. Kí eré náà tó di kìlómítà 64, ó ti lé ní kílò 250. Abẹ́ ni ìjì ń gbà wọlé, yóò gbé gbogbo rẹ̀ sókè, yóò sì dà á bolẹ̀ sórí òrùlé ọkọ̀ tòun tapá irin rẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má ṣe tí ì wo aṣọ rárá. Kí ó kọ́kọ́ wo apá irin bóyá ó wọ́, kí ó wo ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ara ọkọ̀, kí ó wo òrùlé pẹ̀lú, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Iṣẹ́ àbùlẹ̀ kò le. Kí a fọ ojú ibẹ̀, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a fi sípírítì nù ún, kí a wá lẹ téèpù tí a ṣe fún àtíbàbà mọ́ ọn nínú àti lóde, kí a sì gé igun rẹ̀ rọ́bọ́tọ́, nítorí igun ṣóńṣó ni í kọ́kọ́ ṣí. Téèpù lásán tí a fi ń dí páálí kò dára níbẹ̀, oòrùn yóò yọ́ àtè rẹ̀ sára aṣọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin òkè ni ó ti ya, níbi tí gbogbo ìwúwo aṣọ rọ̀ sí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó lẹ̀ ẹ́.

Nígbà náà ni pípààrọ̀ kàn. Bí irin bá ṣì dúró ṣinṣin, aṣọ nìkan ni kí a rà, kí a má jẹ́ kí òǹtajà kankan tà wá ní odidi àtíbàbà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwọ̀n: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àtíbàbà tí wọ́n bá pè ní ẹsẹ̀ bàtà 18, láti àárín apá irin kan dé àárín èkejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Aṣọ tó wà láàárín wọn sábà máa ń fi nǹkan bí íńṣì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrú sí i. Ẹni tí ó bá ra aṣọ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18 fún un ti fi owó ṣòfò. Kí a wọn aṣọ ògbólógbòó fúnra rẹ̀, kí a sì wá nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sára irin rẹ̀, nítorí ojú tí aṣọ ń wọ̀ lára páìpù ilé iṣẹ́ Dometic lè má bá ti ilé iṣẹ́ Carefree mu.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sípíríǹgì, nítorí òun ni ó lè ṣe ènìyàn léṣe. Kódà nígbà tí aṣọ bá ti ya pátápátá, tí gbogbo rẹ̀ dà bí òkú ohun èlò, agbára tí a lọ́ sínú sípíríǹgì náà ṣì wà níbẹ̀ digbí, bí ènìyàn bá sì tú ìdè rẹ̀ láìgbaradì, apá irin yóò yí bìrí, ó lè ṣẹ́ ìka, ó lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Nítorí náà, kí a tó yọ síkúrúù kankan, kí a ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tí a dá sí ìpẹ̀kun páìpù lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó dá sípíríǹgì dúró. Ènìyàn mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: ẹni méjì yóò di apá irin mú, ẹnì kẹta yóò fa aṣọ jáde lójú irin. Nígbà tí páìpù bá ti sọ̀kalẹ̀, kí a di ìdí sípíríǹgì mú gírígírí, kí a yọ irin ìdádúró náà, kí a sì jẹ́ kí ó tú ní yíyí kan lẹ́yìn yíyí kan, kí a máa kà á, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀; iye yẹn gan-an ni a ó lọ́ ọ padà. Ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì kì í yí sí ọ̀nà kan náà. Ẹni tí ọ̀pá gáàsì wà lára tirẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí, òun náà gbọ́dọ̀ di apá irin rẹ̀ lókùn kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tí kò bá sì rí olùrànlọ́wọ́, kí ó gbé e tọ oníṣẹ́ lọ.

Aṣọ tuntun kì í fẹ́ wọ ojú irin wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fọ́n silicone díẹ̀ sínú rẹ̀, yóò máa yọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo epo ọkọ̀, ó ń ba vinyl jẹ́. Lẹ́yìn tí ó bá ti wọlé, kí a ṣí i, kí a ká a, kí a wò ó bóyá ó ń wé déédéé. Bí ó bá ń wọ́ sí apá kan, kí a sún un díẹ̀ kí a tó fi síkúrúù de etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ku ihò tí síkúrúù ojú irin gbà wọ ara ọkọ̀. Pákó ni ó sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, omi tí ó bá sì gba ibẹ̀ wọlé yóò ti mú un rà kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Kí a máa yẹ àtè tí a fi dí i wò lọ́dọọdún, kí a ha èyí tó ti sán kúrò kanlẹ̀ kí a tó fi tuntun sí i, nítorí àtè tuntun kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ògbólógbòó.