Bàbá, Ọmọbìnrin àti Ọ̀rọ̀ Ìbálòpọ̀ nínú Ìdílé Yorùbá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Èròǹgbà àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ìdí tí ìdákẹ́ bàbá lórí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ fi lè di ewu fún ọmọbìnrin nígbà tí ìdílé Yorùbá bá ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agbo ilé, bàbá kì í sábà bá ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tàbí ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ìyá, ìyá àgbà, ìyàwó ilé àti àbúrò bàbá lóbìnrin ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Ti bàbá ni láti fi òfin lélẹ̀ àti láti ṣọ́ iyì ilé, nítorí pé bí a bá bá ìyàwó nílé, ẹ̀yẹ àwọn òbí rẹ̀ ni. Bí bàbá tilẹ̀ dákẹ́, ọmọ yóò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ní London tàbí Manchester, òfin bàbá bá ìdílé lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń túmọ̀ òfin náà fún ọmọ kù sílé. Ìyá nìkan ni ó kù, iṣẹ́ òru sì lè gba àkókò rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ kò wá ju ‘má ṣe’ lọ, láìsí àlàyé ìdí rẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn ni ó gba àyè náà. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Gillick, àwọn adájọ́ House of Lords pinnu pé dókítà lè fún ọmọbìnrin tí kò tí ì pé ọdún 16 ní ìmọ̀ràn àti oògùn ìdènà oyún láìjẹ́ pé òbí mọ̀, bí ọmọ náà bá ní òye tí ó tó. Láti oṣù Kẹsàn-án 2020 sì ni ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ ti di dandan ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ìdákẹ́ kò dí ọmọ lọ́nà ìmọ̀. Bàbá ni ó ń yọ sẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tí ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Láti 2008 ni àwọn ọmọbìnrin ọdún 12 sí 13 ti ń gbà á. Àwọn ọmọkùnrin dára pọ̀ mọ́ wọn ní 2019. Nítorí pé ìbálòpọ̀ ni ó ń tan kòkòrò náà kálẹ̀, bàbá lè rò pé bí òun bá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, òun fún ọmọ láyè ìṣekúṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọmọ kò tí ì mọ ọkùnrin gan-an ni abẹ́rẹ́ náà wúlò jù lọ.

Ní ìparí, kò pọn dandan kí bàbá di ìyá. Ó lè wá àǹtí kan nínú ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ìlú tí yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ohun kan ni kò ṣeé rán ẹlòmíràn: kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ pé bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀, ilé ni kí ó kọ́kọ́ mú un wá. Ọmọ tí ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀ ju àrùn lọ yóò fi àrùn pamọ́ títí yóò fi kọjá àtúnṣe.