Àtúnṣe Ọ̀pá Iná Àtijọ́ ní Ṣọ́ọ̀bù àti ní Ilé Wa

Iṣẹ́ alẹ́ ń pọ̀ sí i ní ibùdó wa nígbà ìkórè. Àwọn tó ń pa àgbàdo, àwọn tó ń rin ẹ̀gẹ́, àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń jó irin, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Iná tó pọ̀ jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ni ọ̀pá iná gígùn tí à ń pè ní fúlọ̀rẹ́sẹ́ńtì. Púpọ̀ nínú wọn ti pẹ́ lórí àjà. Òmíràn ń ṣẹ́jú, òmíràn ń kùn bí oyin, òmíràn kò tilẹ̀ tàn mọ́. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí á tú gbogbo rẹ̀ dànù, tàbí kí á máa fi ọwọ́ gbá a títí yóò fi tàn. Ti àkọ́kọ́ ń fi owó ṣòfò. Ti èkejì lè gba ẹ̀mí.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ohun mẹ́ta ló ń mú iná yìí tàn: ọ̀pá fúnra rẹ̀, ṣóòkù, àti sítátà.

Ọ̀pá náà jẹ́ gíláàsì tí a fi ìyẹ̀fun funfun kùn nínú. Wáyà tín-ín-rín kan wà ní orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀, èéfín mẹ́kúrì díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mẹ́kúrì ni irin tó ń ṣàn bí omi. Nígbà tí iná bá ń gba inú èéfín yìí kọjá, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ló máa ń jáde. Ìyẹ̀fun funfun náà ló ń sọ ọ́ di èyí tí ojú ń rí.

Ṣóòkù ni irin wíwúwo tí a fi wáyà wé nínú. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Òun ló ń ta ọ̀pá náà jí níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá tàn tán, òun ló tún ń dì í mú, nítorí ọ̀pá tó ti tàn kò mọ ìwọ̀n; bí a bá fi í sílẹ̀, yóò máa fa iná sí i títí yóò fi bàjẹ́. Ṣóòkù ni ìjánu rẹ̀.

Sítátà ni agolo kékeré tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí wáyà orí ọ̀pá méjèèjì gbóná, yóò sì jáwọ́ lójijì kí ṣóòkù lè ta iná náà jí. Ó dà bí ẹni tó bá wa ti mọ́tò: bí mọ́tò bá ti gbéra, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

KÍ Á TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibí yìí kọjá.

Èkíní, ẹ pa iná láti orí súwíìṣì ńlá tó wà lẹ́bàá mítà. Súwíìṣì ara ògiri nìkan kò tó, nítorí ní ilé tí wọ́n bá so wáyà rẹ̀ ní òdì, iná ṣì wà ní ara férémù bí ẹ tilẹ̀ ti pa á.

Ìkejì, iná tó lọ kì í ṣe iná tó kú. NEPA ni a ṣì ń pe iná ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni orúkọ náà ti kúrò. Àṣà rẹ̀ kò kúrò. Ó lè dé nígbà tí ọwọ́ yín bá wà nínú wáyà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí a so ní ìsokúso náà lè rán iná wọ ilé yín. Nítorí náà, kí súwíìṣì ńlá wà ní pípa, kí ẹnì kan sì dúró tì í.

Ìkẹta, ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ dán tẹ́sítà náà wò níbi tí ẹ mọ̀ pé iná wà, kí ẹ lè mọ̀ pé kò bàjẹ́.

Ìkẹrin, kí ọwọ́ gbẹ, kí bàtà wà lẹ́sẹ̀, kí àkàbà jẹ́ ti igi. Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ fà á. Ẹ sáré pa súwíìṣì ńlá, tàbí kí ẹ fi igi gbígbẹ tì í kúrò.

BÍ A ṢE LÈ MỌ IBI TÍ ÀRÙN WÀ

Bí orí ọ̀pá méjèèjì bá ń pọ́n tí àárín rẹ̀ kò tàn, ó ṣeé ṣe kí sítátà ti lẹ̀ pọ̀ nínú, kò lè jáwọ́ mọ́. Ẹ pa iná, ẹ yí sítátà sí apá òsì, ẹ yọ ọ́, ẹ fi tuntun sí i. Owó kékeré ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná náà máa pọ́n bẹ́ẹ̀ di ilẹ̀ mọ́, nítorí ṣóòkù yóò gbóná, ó sì lè jó.

Bí ó bá ń ṣẹ́jú láìdúró, ẹ wo orí ọ̀pá. Bí ó bá ti dúdú gan-an, ọ̀pá náà ti gbó. Bí kò bá dúdú, ẹ pààrọ̀ sítátà. Bí gbogbo iná ilé bá rẹ̀wẹ̀sì lákòókò náà, iná ọba ni kò lágbára tó. Kò sí ohun tó ṣe ọ̀pá. Òtútù àfẹ̀mọ́jú nígbà ọyẹ́ ní Òkè Ọya náà máa ń mú kí ó pẹ́ kí ó tó tàn.

Bí kò bá ta pútú rárá, ẹ yí ọ̀pá náà nínú họ́dà kí ó jókòó dáadáa, kí ẹ sì wo bóyá họ́dà ti sán. Lẹ́yìn èyí, ẹ dán sítátà mìíràn wò, kí ẹ tó dán ọ̀pá mìíràn wò. Bí méjèèjì kò bá yanjú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà inú ṣóòkù ti já.

Bí ó bá ń kùn, ẹ dé síkúrù ṣóòkù le. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń rùn bí ohun tó ń jó, tàbí tí ohun dúdú bí ọ̀dà ń kán lára rẹ̀, ẹ má ṣe tún tan án mọ́.

Bí ìmọ́lẹ̀ kàn ń dínkù, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ọ̀pá kí ẹ tó náwó.

Ní àwọn férémù àtijọ́, ẹ lè rí agolo mìíràn tí à ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ńsà. Ó lè tọ́jú iná sínú lẹ́yìn tí a bá ti pa súwíìṣì. Oníṣẹ́ iná ni kí ó fọwọ́ kàn án.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ LỌ SỌ́JÀ

Ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání. Bí èdè ọjà kò bá yé yín, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ fún yín. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 4 tó tóbi jẹ́ 40W. Èyí tó tín-ín-rín jẹ́ 36W. Ṣóòkù kan náà ni méjèèjì ń lò. Sítátà 4–65W ni ti ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 4 kan. Ti 4–22W wà fún ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 2 méjì tí a so mọ́ ṣóòkù kan.

BÍ A BÁ FẸ́ YÍ I PADÀ SÍ LED

Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì fẹnu kò pé kí ṣíṣe ọ̀pá fúlọ̀rẹ́sẹ́ńtì àti kíkó o láti ìlú dé ìlú dópin nígbà tí 2027 bá fi máa parí. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà. Nítorí náà, ọ̀pá àtijọ́ yóò máa ṣọ̀wọ́n sí i.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ọ̀pá 40W pẹ̀lú ṣóòkù rẹ̀ ń jẹ tó 50W. Ọ̀pá LED tó gùn tó o sábà máa ń jẹ 18W. Bí a bá tàn wọ́n fún wákàtí 5 lálẹ́ fún ọjọ́ 30, ti àtijọ́ yóò jẹ yúníìtì 7.5, LED yóò jẹ 2.7. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ní ọ̀pá 4, yúníìtì 19.2 ni a ó fi pamọ́ lóṣù kan. Ẹ fi iye owó tí ẹ ń ra yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí èrè rẹ̀. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré yóò rí i pé ó lè tan iná púpọ̀ sí i lórí ẹ̀rọ kan náà. Bí a bá kọ 85–265V sí ara LED, yóò tàn nígbà tí iná ọba bá rẹ̀lẹ̀ pàápàá.

Oríṣi méjì ló wà. Ti èkíní, a kò ní tú wáyà: a ó yọ sítátà, a ó fi sítátà àrà ọ̀tọ̀ tó bá LED náà wá rọ́pò rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sítátà yìí sí ọ̀pá fúlọ̀rẹ́sẹ́ńtì láé. Ti èkejì, a ó yọ ṣóòkù àti sítátà kúrò, iná yóò sì lọ tààrà sí họ́dà. Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ fún ní iṣẹ́ yìí. Kí ó ka àwòrán tó wà lára páálí, nítorí LED kan ń gba iná ní orí kan ṣoṣo, òmíràn ń gbà á ní orí méjèèjì. Bí a bá fi olórí kan sí i ní òdì, wáyà lè gbiná. Bí ẹ bá sì ń ti olórí méjì bọ inú họ́dà nígbà tí iná wà, orí kejì tó wà lọ́wọ́ yín lè gbé yín. Kí ó so wáyà ilẹ̀ mọ́ férémù irin, kí ó sì kọ “LED NÌKAN” sí ara rẹ̀ gàdàgbà. Ìdí ni pé bí ẹlòmíràn bá fi ọ̀pá àtijọ́ sí férémù tí a ti yọ ìjánu rẹ̀, ọ̀pá náà lè bú.

OJÚ KÌ Í ṢE ẸLẸ́RÌÍ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ Ẹ̀RỌ

Fúlọ̀rẹ́sẹ́ńtì oníṣóòkù ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kò rí i, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ayùn tàbí ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá dà bí èyí tó dúró jẹ́ẹ́. Báyìí ni èèyàn ṣe lè nawọ́ sí i tí ìka yóò sì lọ. LED tó dára kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti pọ́ọ́kú lè ṣe é. Ẹ fi kámẹ́rà fóònù wò ó: bí ìlà dúdú bá ń rìn kọjá, ẹ má ṣe gbé e sókè ẹ̀rọ. Ìyówù tí ì báà jẹ́, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì dúró kí ariwo rẹ̀ dákẹ́ pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀PÁ TÓ TI KÚ

Ọ̀pá tó ti kú kì í ṣe idà eré ọmọdé. Mẹ́kúrì inú rẹ̀ lè ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, aláboyún àti ọmọ kékeré ló sì ń pa lára jù. Bí ó bá fọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ fi páálí kó o, ẹ fi bébà tútù nu ilẹ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ so ó. Ẹ má sun ún, ẹ má sì dà á sí oko tàbí sí etí kànga. Èyí tí kò fọ́, ẹ dì í sínú páálí tó gbé tuntun wá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín tó ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí. Sítátà kan kò wọ́n. Ìka kan kò ní ọjà tí a ti ń rà á.